Bí mo ṣe wá purotéènì Salmonella nínú sẹ́ẹ̀lì ènìyàn láti Ìjẹ̀bú-Òde

Mass spectrometer, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọn ìwúwo èérún purotéènì, kò sí ní àrọ́wọ́tó mi ní Ìjẹ̀bú-Òde, ṣùgbọ́n mo ní kọ̀ǹpútà, dátà sì pọ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Mo lọ sí PRIDE, ibi ìkópamọ́ dátà purotéènì tí ilé ìwádìí EMBL-EBI ń bójú tó ní Hinxton ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí ẹnikẹ́ni lè gba dátà níbẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Fáìlì mẹ́fà ni mo gbà: mẹ́ta láti ara sẹ́ẹ̀lì ènìyàn tí Salmonella ti wọ̀, mẹ́ta láti ara èyí tí kò wọ̀. Inú àpò kékeré kan nínú sẹ́ẹ̀lì ni bakitéríà yìí máa ń fara pamọ́ sí, láti ibẹ̀ ni ó sì ti ń tari purotéènì tirẹ̀ sínú ara ẹni tí ó gbà á sílé, kí sẹ́ẹ̀lì náà lè máa ṣe ìfẹ́ inú rẹ̀. Àwọn purotéènì àlejò wọ̀nyí ni mo ń wá.

Ẹ́ńsáìmù trypsin ni wọ́n ti fi gé gbogbo purotéènì náà sí wẹ́wẹ́ kí wọ́n tó wọ̀n ọ́n. Trypsin kì í ṣàdédé gé nǹkan. Ẹ̀yìn lysine tàbí arginine, méjì lára àwọn amino asíìdì tí wọ́n fi so purotéènì pọ̀, ni ó ń gé sí, ìdí nìyẹn tí kọ̀ǹpútà fi lè ṣírò ìwúwo èérún tí purotéènì kọ̀ọ̀kan yóò já sí, kí ó sì fi wé ohun tí ẹ̀rọ wọ̀n. MaxQuant, ètò kọ̀ǹpútà tí wọ́n ṣe ní ilé ìwádìí Max Planck ní Jámánì, ni mo fi ṣe iṣẹ́ yìí.

Nígbà àkọ́kọ́, àkójọ purotéènì ènìyàn nìkan, nǹkan bí 20,000, ni mo fún un, mo sì gbàgbé ti bakitéríà pátápátá. Mo fi ti Salmonella, tí ó lé ní 4,000, kún un, mo tún bẹ̀rẹ̀. Wọ́n mú iná lọ lóru, jẹnẹrétọ̀ la fi gbé e dé òwúrọ̀. Ìyá mi bèèrè pé, "Ṣé ẹ̀rọ yìí kì í sùn ni?" Mo ní, "Ẹ má bínú, Màmá, bí mo bá pa á, àtìbẹ̀rẹ̀ ni."

Èsì tí mo rí bà mí lẹ́rù: purotéènì Salmonella wà nínú sẹ́ẹ̀lì tí kò ní àrùn. Díẹ̀ ló kù kí n sọ pé àwọn tó ṣe iṣẹ́ náà fi ọwọ́ dọ̀tí kan sẹ́ẹ̀lì wọn. Nígbà tí mo tẹjú mọ́ tábìlì náà, "By matching" ni ó wà níwájú èyí tó pọ̀ jù nínú wọn. Èmi fúnra mi ni mo ti tan ètò tí wọ́n ń pè ní "match between runs": bí a bá dá èérún kan mọ̀ dájú nínú fáìlì kan, yóò wá ohun tí ìwúwo rẹ̀ àti àkókò ìjáde rẹ̀ nínú ọ̀pá tó ń ya àwọn èérún sọ́tọ̀ kí wọ́n tó wọ̀n wọ́n bá a mu nínú fáìlì mìíràn, yóò sì fún un ní orúkọ kan náà. Ó dára láàárín fáìlì tó jọra bí ìbejì. Láàárín alárùn àti aláìlárùn, ó lè purọ́ mọ́ni. Mo pa á, mo sì ní kí purotéènì kọ̀ọ̀kan ní èérún méjì, ó kéré tán.

Nínú èsì tuntun, SopB, ọ̀kan nínú àwọn purotéènì tí Salmonella ń tari sínú sẹ́ẹ̀lì, wà nínú fáìlì alárùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kò sì sí nínú ìkankan lára àwọn mẹ́ta yòókù.