Ajá mi ló ṣàìsàn, fẹ́ǹsì onílé ni mo tọ́jú

Owó tí mo fẹ́ fi ra táyà mọ́tò ni eégbọn gbà lọ́wọ́ mi. Inú ṣì ń bí mi, torí àìsàn kan náà ni mo sanwó rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, yàtọ̀ sí owó abẹ́rẹ́ fítámì tí wọ́n kọ́kọ́ gbà nígbà tí ẹnikẹ́ni ò tíì wo ẹ̀jẹ̀ ajá náà.

Tanímọ̀la lajá mi ń jẹ́. Ó kọ oúnjẹ, ara rẹ̀ gbóná, ó kàn ń sùn kiri ni. Ẹni tí mo kọ́kọ́ gbé e lọ bá ní inú ló ń run ún, ó gún un lábẹ́rẹ́, ó gbowó. Nígbà tó máa fi di ọjọ́ kejì, ìtọ̀ rẹ̀ ti dà bíi zóbò tó ki. Mo ká ètè rẹ̀ sókè, erìgì rẹ̀ ti funfun.

Dókítà ẹran kejì ò tiẹ̀ jẹ́ kí n jókòó. "Bọ̀ọ̀dá, ẹ jẹ́ ká wo ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ná." Ó gún ṣóńṣó etí rẹ̀, ó fa ẹ̀jẹ̀ bíńtín sórí gíláàsì, ó sì ní kí n wá fojú ara mi wò ó lábẹ́ máíkírósíkóòpù. Wọ́n wà níbẹ̀ ní méjìméjì, ẹnu ṣóńṣó, nínú ẹ̀jẹ̀ pupa. Babesia ni, kòkòrò àìfojúrí tí eégbọn máa ń kó sínú ẹ̀jẹ̀ ajá. Ó fún un ní abẹ́rẹ́ imidocarb, ó tún un gún lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì. Ara rẹ̀ yá, ó tún ń lé àwọn ọlọ́kadà. Ìgbà tó yá, àìsàn náà tún dé!

Dókítà wá bi mí pé irú ògiri wo ló wà níbi tájá ń sùn. Mo rò pé àwàdà ni. Àṣé eégbọn ara ajá yìí kì í gbé ara ajá títí. Tó bá ti mu ẹ̀jẹ̀ yó, á já bọ́, á gun ògiri, á wọ inú àlàfo lọ yé ẹyin, ọ̀kan ṣoṣo sì lè yé tó 4,000. Babesia inú ìyá lè bá ẹyin náà lọ. Ebi ò sì lè tètè pa wọ́n, wọ́n á wà níbẹ̀ fún oṣù púpọ̀ láìjẹun. Búlọ́ọ̀kù lásán ni fẹ́ǹsì ilé wa, wọn ò rẹ́ ẹ. Mo tan tọ́ọ̀ṣì sí àlàfo kan: àwọn tó ti wú, aláwọ̀ eérú, kún ibẹ̀ bámúbámú, àwọn wẹ́wẹ́ ń rìn lórí wọn.

Mo pe onílé. Bàbá ní, "Ìwọ lo lájá, fẹ́ǹsì mi kì í gbó." Nígbà tó yá wọ́n gbà, ṣùgbọ́n birikìlà tiwọn nìkan ló gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn án. Birikìlà lọ sìnkú nílùú wọn. Ó dé, ó ní ẹ̀yìn ń dun òun. Mo tún pe Bàbá, wọ́n ní kí n ní sùúrù. Sùúrù kẹ̀! Ojoojúmọ́ ni mo ń já eégbọn. Mọ̀mọ́ Ṣadé ní kí n fi ọ́ìlì dúdú pa á lára, ẹlòmíì ní òtapiápiá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dán an wò. Oró ni, ajá á sì lá a.

Nígbà tó sú mi, mo ra sìmẹ́ńtì fúnra mi, mo mú birikìlà ti ara mi wá. Mo kọ́kọ́ gbé ajá lọ sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi, mo fín kẹ́míkà tí dókítà kọ fún mi sínú gbogbo àlàfo, ká tó rẹ́ ẹ láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ẹ wá wò ó, ó ń dán!

Ní tèmi, ẹni tó bá fẹ́ gún ajá yín láìwo ẹ̀jẹ̀, ẹ gbé ajá yín, ẹ máa lọ. Ẹ máa yẹ inú etí àti àárín ọmọ ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ wò lálaalẹ́. Eégbọn sábà máa ń lò tó ọjọ́ méjì lára kó tó kó Babesia ràn án, torí náà já a kíá. Twízà ni kẹ́ ẹ fi mú un nítòsí awọ. Ẹ má fọwọ́ tẹ̀ ẹ́ pa, inú sípírítì ni kẹ́ ẹ jù ú sí.

Bàbá ti wá wo fẹ́ǹsì. Wọ́n ní iṣẹ́ náà dára. Mo ní kí wọ́n yọ owó sìmẹ́ńtì kúrò nínú owó ilé, wọ́n ní àwọn á rò ó.