Restless, restive, àbí uneasy? Bí a ṣe ń mú èyí tó yẹ

Bó o bá ń túmọ̀ "kò balẹ̀" sí Gẹ̀ẹ́sì, kí o tó kọ restless sílẹ̀, bi ara rẹ pé: kí ni kò balẹ̀ gan-an? Ara ni, ọkàn ni, àbí ìlú? Yorùbá ti pín in bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀.

Bó bá jẹ́ ara, wo ohun tí ara ń ṣe. Ọmọ tó ń fi ìka lu tábìlì, tó ń yí bọ́tìnnì aṣọ rẹ̀, fidgety ni. Ẹni tó yí síhìn-ín yí sọ́hùn-ún lórí ibùsùn títí ilẹ̀ fi mọ́, a restless night ló lò. Bí aláìsàn bá ń pariwo, tó ń fa okùn omi tí wọ́n fi sí i lápá yọ, ó ti kọjá restless, agitated ni. Restless legs tún yàtọ̀: àìsàn ni, ẹsẹ̀ kì í jẹ́ kéèyàn gbádùn bó bá dùbúlẹ̀ lálẹ́, àfi kó dìde rìn. Karl-Axel Ekbom, dókítà ará Sweden, ló fi orúkọ yẹn kọ̀wé nípa rẹ̀ ní 1945.

Ti ọkàn kò le. Ẹni tó ń retí èsì ìdánwò tí àyà rẹ̀ ń já, anxious ni. Ẹni tí ara ń fu lásán, tí kò lè sọ pé nǹkan báyìí ni, uneasy ni. Ṣùgbọ́n anxious to see you kì í ṣe ẹ̀rù o, ó ń wù ú láti rí ọ ni.

Restive ló ń ṣi ọ̀pọ̀ lọ́nà. Inú Faransé àtijọ́ ló ti wá, ẹṣin tó dúró gbagidi tó kọ̀ tí kò rìn ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé ẹni tí àṣẹ ẹlòmíì ti sú ló bá mu: òṣìṣẹ́ tí wọn ò sanwó fún, èrò tí wọ́n dá dúró sínú oòrùn. Youth restiveness tí ìwé ìròyìn wa ń kọ nípa Niger Delta, ibẹ̀ náà ló ti ṣẹ̀. Bó bá di rògbòdìyàn, unrest ni. Má fi s sí i nídìí.

Bó o bá sì fẹ́ yin òṣìṣẹ́ tí kì í sinmi, má pè é ní restless worker. Ẹni tí kì í pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ kan ni wọ́n máa rò pé ó jẹ́. Tireless ni kó o kọ.