Ìbéèrè Mẹ́tàlá Nípa Eyín Ọmọ Ọdún Mẹ́rin

Ìbéèrè mẹ́tàlá péré ló wà nínú fọ́ọ̀mù tí wọ́n kó lé mi lọ́wọ́. Mo ní lọ́kàn ara mi pé ìṣẹ́jú mẹ́wàá á tó òbí kan. Ìyá àgbà àkọ́kọ́ tí mo jókòó tì lo wákàtí kan àtààbọ̀ pẹ̀lú mi.

Ìrànlọ́wọ́ dókítà eyín ni mí ní Arizona. Lọ́dún tó kọjá, wọ́n mú wa lọ sí jẹ́lé-ó-sinmi kan lápá Chinle, lórí ilẹ̀ àwọn Navajo, ẹ̀yà kan lára àwọn ọmọ onílẹ̀ Amẹ́ríkà, tí àwọn fúnra wọn ń pe ara wọn ní Diné. Nínú àwọn ọmọ onílẹ̀ Amẹ́ríkà tí wọn kò tíì pé ọdún mẹ́fà, ohun tí Indian Health Service, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń bójú tó ìlera wọn, rí ni pé kòkòrò ti jẹ eyín èyí tó lé ní ìdajì wọn. Iṣẹ́ tèmi pín sí méjì: kí n fi fluoride, èròjà tí kì í jẹ́ kí eyín tètè jẹrà, kun eyín àwọn ọmọ, kí n sì bi ẹni tó ń tọ́ wọn ní ìbéèrè ECOHIS, tó ń wádìí bí eyín ṣe ń yọ ọmọ àti ilé rẹ̀ lẹ́nu.

Kíkun eyín ló rọrùn. Èmi àti òbí á jókòó kojú síra wa, orúnkún á kan orúnkún, a ó tẹ́ ọmọ sórí itan wa, orí rẹ̀ á wà lọ́dọ̀ mi. Bó bá ń ké, ó kúkú ń la ẹnu fún mi ni. Mo máa ń fi gọ́ọ̀sì nu eyín, mo máa ń wò ó bóyá ìlà funfun wà lẹ́bàá erìgì, torí ibẹ̀ ni jíjẹrà ti sábà ń bẹ̀rẹ̀, kí n tó fi búrọ́ọ̀ṣì tín-ín-rín kun ún. Kí wọ́n má fọ ẹnu rẹ̀ títí di àárọ̀ ọjọ́ kejì, ó tán.

Ìbéèrè ló le. Mẹ́sàn-án jẹ́ ti ọmọ, mẹ́rin jẹ́ ti ilé. Ìdáhùn kọ̀ọ̀kan ní iye tirẹ̀, láti 0 tó jẹ́ "rárá" títí dé 4. Àròpọ̀ rẹ̀ kò lè kọjá 52. Bí wọ́n ṣe kọ ọ́ gan-an lo gbọ́dọ̀ kà á, o ò gbọdọ̀ bù mọ́ ọn.

Ká tó bẹ̀rẹ̀, ìyá àgbà fẹ́ mọ ẹni tí mo jẹ́. Láàrin àwọn Diné, ìdílé mẹ́rin lèèyàn fi ń júwe ara rẹ̀, ti ìyá ló sì ń ṣáájú. Mo ní ọmọ Oníkòyí ni mí, mo ki díẹ̀ níbẹ̀. Obìnrin tó ń túmọ̀ fún wa rẹ́rìn-ín títí. Èyí nìkan gba ogún ìṣẹ́jú, mi ò sì kábàámọ̀ rẹ̀.

Ìbéèrè kìíní: ṣé eyín, ẹnu tàbí àgbọ̀n ti dun ọmọ yìí rí? "Rárá." Bẹ́ẹ̀ mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rí ihò méjì lẹ́nu rẹ̀ ni. Mo kọ 0. Ìgbà tí a kan oúnjẹ ló sọ pé òun máa ń fa ẹran ya wẹ́wẹ́ fún un, pé ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún nìkan ló fi ń jẹun látìgbà tó ti ń jẹ ẹran. Ọmọ tí kò mọ bí ẹnu tí kò dunni ṣe ń rí, kí ni yóò fi wé e tí yóò fi ráhùn? Láti ilé kejì, oúnjẹ àárọ̀ ni mo kọ́kọ́ ń fi tàkúrọ̀sọ kí n tó ṣí fọ́ọ̀mù.

Ìkẹjọ ń béèrè bóyá ọmọ máa ń sá fún ẹ̀rín. Ìyá àgbà dákẹ́. Láàrin wọn, ẹni tó bá kọ́kọ́ pa ọmọ ọwọ́ lẹ́rìn-ín ló ń ṣe àsè fún un, iyọ̀ sì wà lára ohun tí wọ́n ń fún àwọn tó wá. (Iyọ̀, bíi ti ìsọmọlórúkọ wa.) Ìyá àgbà yìí ló pa ọmọ náà lẹ́rìn-ín àkọ́kọ́. Ó pè é, ó dápàárá fún un. Ọmọ náà fi àtẹ́lẹwọ́ bo ẹnu kó tó rẹ́rìn-ín. "Kọ 4," ìyá àgbà wí.

Ìyá ọmọ ti dé nígbà tí a kan ti ilé: ṣé ẹ ti dá ara yín lẹ́bi rí nítorí eyín ọmọ yìí? Ó wolẹ̀. Bí ilé kan nínú mẹ́ta níbẹ̀ ni kò ní omi ẹ̀rọ. Inú àgbá ni wọ́n ń rọ omi sí sẹ́yìn ọkọ̀. Mínírà ò sì wọ́n ní ilé epo kankan. Lójú tèmi, ẹni tí kò yẹ ni ìbéèrè yẹn ń bá wí. Àwọn aṣòfin Navajo ṣe dáadáa jù ú lọ: ní 2014 wọ́n fi owó orí 2% lé mínírà àti ìpápánu tí kò ṣara lóore. Nínú fọ́ọ̀mù tèmi, kò sí àyè fún àgbá omi, kò sí fún bí ilé ìwòsàn ṣe jìnnà tó.

Mo ro gbogbo rẹ̀ pọ̀, ó jẹ́ 19. Ìyá àgbà béèrè bóyá iye yẹn pọ̀. Mo ní ó pọ̀, ìyá. Ó na ètè sí ìwé náà, torí wọn kì í nàka, ó bá obìnrin tó ń túmọ̀ sọ̀rọ̀: kí n padà sí ìbéèrè kìíní, kí n pa "rárá" tí òun wí rẹ́.