Bí a ṣe ń fi áyọ́ọ̀nù wọn èròjà inú awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́

Awọ titanium oxide tí kò nípọn ju nǹkan bí 100 nm lọ, tí wọ́n tẹ́ sórí sílíkọ́ọ̀nù, ni a ó fi ṣàpẹẹrẹ. RBS (Rutherford backscattering spectrometry) ló tọ́ sí i: a ó ta áyọ́ọ̀nù hílíọ́ọ̀mù, ìyẹn átọ́ọ̀mù hílíọ́ọ̀mù tó gbé iná, lù ú, a ó ka àwọn tó bá ta padà, a ó sì wo agbára tó kù lára wọn. Irú iṣẹ́ yìí ni Pelletron 1.7 MV, ẹ̀rọ tó ń mú áyọ́ọ̀nù sáré, tó wà ní CERD, ibùdó ìwádìí agbára ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, Ilé-Ifẹ̀, wà fún.

Lọ́jọ́ tí ẹ bá ń tẹ́ awọ náà, ẹ fi ègé kábọ́ọ̀nù dídán kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ sílíkọ́ọ̀nù, kí awọ kan náà bo méjèèjì. Tí ẹ bá ta áyọ́ọ̀nù ní 2 MeV (MeV ni òṣùwọ̀n agbára wọn), tí dítẹ́kítọ̀ tó ń kà wọ́n sì wà ní 165°, èyí tó ta padà lára titanium á gbé 1.44 MeV bọ̀, ti sílíkọ́ọ̀nù 1.14, ti ọ́síjìn 0.73, ti kábọ́ọ̀nù 0.51. Nínú àwòrán iye áyọ́ọ̀nù sí agbára wọn, sílíkọ́ọ̀nù á hàn bí pẹpẹ tó tẹ́jú; orí pẹpẹ yẹn ni ọ́síjìn á gùn, kò ní hàn dáadáa. Lórí kábọ́ọ̀nù, òkè rẹ̀ á dá dúró gedegbe. Gráfáìtì tí ẹ fi sáńpépà kíkúnná dán náà ṣe é lò, owó rẹ̀ ò sì pọ̀.

Ẹ fa afẹ́fẹ́ jáde títí yóò fi dé 10⁻⁶ mbar, kí ẹ sì ta 10 nA sí ojú tó fẹ̀ tó 1 mm. 10 µC (àpapọ̀ iná tó wọlé) á gba bí ìṣẹ́jú 17. Ẹ má fi iná kún un nítorí ìkánjú: áyọ́ọ̀nù méjì á wọlé pọ̀, dítẹ́kítọ̀ á kà wọ́n sí ọ̀kan, ẹ ó sì rí àmì èké níwájú titanium, níbi tó yẹ kó ṣófo.

Ibi tí wọ́n ti ń ba iṣẹ́ yìí jẹ́ jù ni kíka iye áyọ́ọ̀nù tó lu àpẹẹrẹ. Bí áyọ́ọ̀nù bá ti ń wọlé ló ń ta ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù jáde, mítà á sì máa ka àkàkún. Ẹ fi òrùka tó wà ní −300 V dá wọn padà. Síbẹ̀, ẹ má gbára lé mítà nìkan. Gíga pẹpẹ sílíkọ́ọ̀nù ni kí ẹ fi ṣe òṣùwọ̀n.

Àmọ́ òṣùwọ̀n yìí lè dín kù láìsọ fún yín. Àwọn átọ́ọ̀mù sílíkọ́ọ̀nù tò bí ebè oko. Ẹni tó bá dúró gangan lórí poro á ríran dé ìpẹ̀kun láìsí ohun tó dí i lójú. Bẹ́ẹ̀ ni áyọ́ọ̀nù ṣe ń gba àárín wọn kọjá láìkọlu nǹkan. Tí pẹpẹ bá fi ìdá 20 nínú 100 wálẹ̀, iye átọ́ọ̀mù awọ yín á fi 25 nínú 100 ga ju bó ṣe yẹ lọ. Ìwọ̀n titanium sí ọ́síjìn kò ní yí padà, ìyẹn ni kì í jẹ́ kéèyàn fura.

Ẹ tẹ àpẹẹrẹ náà sí 7°. Ẹ kọ́kọ́ gba 1 µC ní 5°, 6°, 7° àti 8°. Tí gíga pẹpẹ bá yàtọ̀, ẹ yí àpẹẹrẹ náà díẹ̀ ní ojú ibi tó wà, kí ẹ tún un gbà. Ìgbà tí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bá dọ́gba ni kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ gan-an. Awọ tó bò ó kì í dí poro náà pa.

Ẹ fi wúrà, tó ń ta áyọ́ọ̀nù padà ní 1.85 MeV, àti àwọn èròjà mìíràn tí ẹ mọ̀ tọ́ ìlà agbára sọ́nà, kí ẹ tó kó o sínú SIMNRA, ètò kọ̀ǹpútà tó ń ṣírò èsì. Titanium ń ta áyọ́ọ̀nù padà ní bí ìlọ́po 8.5 ti ọ́síjìn, nítorí náà ẹ má fi òkè wéra lásán.

Átọ́ọ̀mù lórí cm² ni èsì máa ń jẹ́, kì í ṣe nm. 880×10¹⁵ jẹ́ 100 nm tí awọ náà bá ki bí anatase, irú kírísítálì titanium oxide kan. Tó bá jẹ́ 80 nínú 100 kíki yẹn ló ní, 125 nm ni.