Ẹ̀wà Tó Kọ̀ Tí Kò Jinná ní Ẹsẹ̀ Òkè Lassen

Agolo gáàsì mẹ́rin ni mo jó tán nídìí ìkòkò ẹ̀wà kan ṣoṣo, ilẹ̀ ṣú, ẹ̀wà kò jinná. Ẹ jẹ́ kí n ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀, torí ó ṣì ń dùn mí. Ìrìn àjò tí èmi àti àwọn ará ilé mi rìn lọ pàgọ́ sí ẹsẹ̀ òkè Lassen, níhà àríwá California, lópin oṣù kẹfà ni mò ń sọ. Tí ẹ bá bi ìyàwó mi, á ní adágún omi ibẹ̀ lẹ́wà. Àwọn ìbejì á sọ ti ihò abẹ́ ilẹ̀. Àkọ́bí wa á fi fọ́tò òkè eérú hàn yín. Èmi, ẹ̀wà ni.

Sacramento là ń gbé, níbi tí ooru kì í jẹ́ kéèyàn sùn nígbà ẹ̀ẹ̀rùn bí kò bá sí ẹ̀rọ amúlétutù. Màmá mi wá kí wa láti Ìdànrè, mo sì pinnu pé n kò ní jẹ́ kí wọ́n padà sílé kí wọ́n máa sọ pé inú ilé àti ṣọ́ọ̀bù nìkan làwọn rí ní Amẹ́ríkà. Mo ṣètò ọjọ́ mẹ́fà: méjì ní Lassen, méjì ní Crater Lake, adágún inú òkè oníná kan ní ìpínlẹ̀ Oregon, ká wá fi méjì yòókù gba ìdí òkè Shasta bọ̀ wálé. Òkè oníná mẹ́ta nínú ọ̀sẹ̀ kan! Ìyàwó mi wo ìwé tí mo kọ ọ́ sí, ó ní, "Bàbá Ìbejì, ṣé wọ́n ń lé wa ni?" Mo ṣe bí ẹni tí kò gbọ́.

Bí a ṣe ra àgọ́ àti bí a ṣe gba àyè sílẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, n kò ní fi ìyẹn gba àkókò yín. Ẹni tó bá ti ra tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfuurufú rí lè ṣe é. Ọ̀rọ̀ gíga òkè ni ẹnikẹ́ni kò là yé mi.

Nígbà tí a dé Redding, ooru ti lé ní 38°C. A yà sí ọ̀nà 44, ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè, etí bẹ̀rẹ̀ sí í dí wa. Nígbà tó yá, Kẹ́hìndé kígbe láti ẹ̀yìn: "Dádì, chin-chin ti wú!" Lóòótọ́, ọ̀rá chin-chin tí ìyá rẹ̀ lẹ̀ pa nílé ti wú bí bọ́ọ̀lù tí wọ́n fẹ́ atẹ́gùn sí. Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Òkè ti pàrokò ránṣẹ́ sí mi, n kò mọ̀ ọ́n kà.

Ibùdó tó wà létí Manzanita Lake la pàgọ́ sí. Ibẹ̀ ga tó nǹkan bí 5,900 ẹsẹ̀ bàtà sí ìtẹ́jú òkun. Àgọ́ dúró láìjà. Wọ́n gbé àpótí irin kan sí àyè kọ̀ọ̀kan, ibẹ̀ lo gbọ́dọ̀ kó gbogbo ohun tó ń rùn sí kí béárì má bàa wá wò ó: oúnjẹ, ọṣẹ, ìpara, títí kan ọṣẹ ìfọyín. Nígbà tí a gbé irú tí Màmá mú wá síbẹ̀, ìyàwó mi ní tí béárì bá gbóòórùn èyí, á pe àwọn ẹbí rẹ̀ wá.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ ẹ̀wà.

Mo ti fọ́nnu fún Màmá láti ilé pé èmi ni n óò máa dáná. Mo fẹ́ kí wọ́n rí i pé ọmọ wọn mọ nǹkan ṣe. Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ni mo gbé omi kaná. Kò pẹ́ rárá tó fi hó, ó tiẹ̀ yá ju ti ilé lọ, orí mi sì wú. Mo da ẹ̀wà sí i, mo gé àlùbọ́sà lé e, mo dé e. Mo ní kí wọ́n fún mi ní wákàtí kan ààbọ̀.

Aago mẹ́fà, mo tẹ hóró kan wò. Ó yọ̀ láàárín ìka mi, ó fò lọ bí òkúta wẹẹrẹ. Mo bu omi sí i, mo fi iná kún un. Agolo kìíní tán. Aago méje, àwọn ọmọ ti fi búrẹ́dì panu. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í bú ẹni tó ta ẹ̀wà fún mi, pé ẹ̀wà ọdún mẹ́ta ló wọ̀n fún mi. Mo tún fi iná kún un. Omi ń hó, ó ń ru, ó ń ta dànù, ó ń gbẹ, mo ń bu omi tútù sí i, ó tún ń bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Agolo kejì tán. Mo wa ọkọ̀ lọ sí ilé ìtajà kan tí n kò ní dárúkọ, níbi tí wọ́n ti ń ta agolo kan ní iye tí mo fi ń ra méjì ní Sacramento. Mo ra méjì. Inú ń bí mi débi pé mo gbàgbé láti gba ṣéńjì.

Gbogbo ìgbà yìí, Màmá jókòó sórí àga, wọ́n faṣọ bora. Ẹ̀ẹ̀kan ni wọ́n béèrè: "Ṣé ẹ kó kánhún wá?"

Mo ní, "Màmá, ta ní ń kó kánhún lọ sórí òkè ní Amẹ́ríkà?"

Wọn kò fèsì.

Bí aago mẹ́sàn-án ti ń lù, bàbá àgbàlagbà kan láti àgọ́ kejì wá kí wa. Ó wo ìkòkò, ó wo agolo tó wà nílẹ̀, ó bi mí pé kí ni mò ń sè. Mo sọ fún un. Ó mi orí, ó ní omi mi kò gbóná tó. Ẹ̀yin náà ẹ gbọ́! Omi tó ń hó lójú mi, tó ń ta sí mi lọ́wọ́. Mo fẹ́ bá a jà.

Ó rọra jókòó, ó là á yé mi, mo sì gbọ́dọ̀ gbà pé òótọ́ ló sọ. Afẹ́fẹ́ tó wà lókè orí wa ló ń tẹ omi mọ́lẹ̀. Ní Sacramento, bíi ti Èkó, afẹ́fẹ́ náà wúwo, omi ní láti gbóná dé 100°C kó tó lè hó. Lórí òkè, afẹ́fẹ́ ti fúyẹ́, omi kò rí ẹni dì í mú. Ní ibi tó ga tó ibùdó wa, ní nǹkan bí 94°C ló ti ń hó. Bó bá sì ti ń hó, kò sí iná tó lè mú un gbóná ju bẹ́ẹ̀ lọ. Èyí tó bí mi nínú jù lọ nìyẹn. Gbogbo iná tí mo ń fi kún un, ooru tó ń fò lọ sókè ló ń sọ omi dà. Kò kan ẹ̀wà. Ìdí tí omi fi tètè hó tí orí mi ń wú nìyẹn. Ìdí tí chin-chin fi wú nìyẹn náà.

Lẹ́yìn tí bàbá náà lọ, mo pe àkọ́bí wa, mo ṣàlàyé gbogbo rẹ̀ fún un bí ẹni tó ti mọ̀ ọ́n látìgbà ìwé mẹ́wàá. Ọmọ ọdún méjìlá wò mí, ó ní, "Dádì, kí ló dé tẹ́ ẹ wá ń sè é?"

Agolo kẹrin tán kí aago mẹ́wàá tó lù. Màmá dìde, wọ́n ní, "Ó tó." Wọ́n fi bùláńkẹ́ẹ̀tì wé ìkòkò náà bí ọmọ tuntun, a gbé e sínú àpótí irin, a tì í. Gaàrí la mu sùn.

Òru yẹn, òtútù fẹ́rẹ̀ẹ́ pa wá. Ọ̀sán ni a fi ooru Redding sílẹ̀, òru ni a bá ara wa ní 4°C. Mo ti ra bẹ́ẹ̀dì atẹ́gùn kan tó wọ́n, kí ara Màmá lè rọ̀. Ẹ má rà á. Atẹ́gùn inú rẹ̀ a máa tutù, òtútù náà a sì máa gba abẹ́ wọ ara èèyàn. Aago méjì òru, Màmá lọ sùn nínú ọkọ̀. Ní òru kejì, a tẹ́ bùláńkẹ́ẹ̀tì méjì sábẹ́, a fi ẹyọ kan bora, gbogbo wa sùn fọnfọn.

Láàárọ̀, ìyàwó mi rántí pé òun mú baking soda díẹ̀ wá nítorí pancake àwọn ọmọ. Màmá tọ́ ọ wò lórí ahọ́n, wọ́n ní, "Kánhún òyìnbó nìyí." Ìpọ́n kékeré kan ni wọ́n bù sí ẹ̀wà, a gbé e ka iná igi. Kò tó wákàtí kan tó fi rọ̀ pẹ̀tẹ̀. Ẹ̀wà yẹn dùn, mo gbà. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó bi mí pé kí n ṣe é.

Bí mo ṣe jẹun tán ni mo kó wọn sọ́kọ̀ láti lọ wo Bumpass Hell, níbi tí ẹrẹ̀ ti ń hó fúnra rẹ̀ tí imí ọjọ́ sì ń rùn. Mo ti fi àwòrán rẹ̀ han àwọn ọmọ fún oṣù méjì. Mo ti sọ ìtàn ọ̀gbẹ́ni Bumpass fún wọn, ẹni tí ilẹ̀ ya mọ́ lẹ́sẹ̀ níbẹ̀, tí ẹrẹ̀ gbígbóná sì ba ẹsẹ̀ rẹ̀ jẹ́ débi pé wọ́n gé e. A wakọ̀ dé bí máìlì mẹ́wàá sínú ọgbà ìjọba tí òkè Lassen wà, géètì dí ọ̀nà. Yìnyín! Lópin oṣù kẹfà! Òṣìṣẹ́ ọgbà ní ọ̀nà náà ga ju 8,500 ẹsẹ̀ bàtà lọ níwájú, àti pé ọdún tí yìnyín bá pọ̀, inú oṣù keje ni wọ́n máa ń kó o tán. Tí a bá fẹ́ gba ẹ̀yìn òkè yí po dé apá kejì, bíi wákàtí méjì ni. Mo béèrè nípa Crater Lake. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní tibẹ̀ náà kò yàtọ̀.

Mo dákẹ́. Ìyàwó mi kò sọ nǹkan kan, ìyẹn gan-an ló burú. Mo yọ ìwé ètò mi, mo fún Táyé kó fi ṣe ọkọ̀ ojú omi. Díẹ̀ péré nínú owó tí a ti san sílẹ̀ ní Oregon ló padà sọ́wọ́ wa.

Ọjọ́ márùn-ún la fi jókòó síbẹ̀, kí n má parọ́, àwọn ló dára jù. Láràárọ̀, Màmá ń yí adágún náà ká, kò tó máìlì méjì, wọ́n ń fi wákàtí mẹ́ta rìn ín nítorí pé gbogbo pẹ́pẹ́yẹ ni wọ́n ń dúró kí. Àpáta tó wó lulẹ̀ láti ara àwọn òkè tó wà nítòsí, ní nǹkan bí 350 ọdún sẹ́yìn, ló dí odò tí adágún náà fi wà. Nínú ilé ohun àtijọ́ tó wà níbẹ̀, a rí fọ́tò tí B. F. Loomis yà nígbà tí òkè Lassen ń bú ní 1914 àti 1915. Ní ọjọ́ 22 oṣù karùn-ún 1915, ó bú gbàù, eérú rẹ̀ fò dé ìpínlẹ̀ Nevada. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, a rí àpáta ńlá kan tí wọ́n ń pè ní Hot Rock, tí yìnyín àti àpáta tó wó gbé bọ̀ láti òkè ní ọjọ́ mẹ́ta ṣáájú ìbúgbàù yẹn, tí ó sì gbóná fún ọjọ́ mélòó kan. Màmá fọwọ́ kàn án. "Ẹni tó bá gbé ẹ̀wà lé eléyìí nígbà náà ì bá ti jẹun," ni wọ́n wí, wọn kò wojú mi.

Ọmọ Ìdànrè ni Màmá, ẹni tó ti gun àtẹ̀gùn tó lé ní 600 lọ sórí òkè ilé wọn láìmọye ìgbà, kò sí òkè tó ń bà wọ́n lẹ́rù. Wọ́n ní òkè tàwọn kì í pọ iná. Mo ní ó ti yọ́ rí náà, ṣùgbọ́n abẹ́ ilẹ̀ ló ti dì, ó lé ní 500 mílíọ̀nù ọdún sẹ́yìn, kí òjò àti oòrùn tó bó ilẹ̀ kúrò lórí rẹ̀. Wọ́n ronú sí i. "Òun ti gbọ́n nìyẹn. Eléyìí ṣì ń ṣe ìpáǹle."

Subway Cave kò jìnnà, lójú ọ̀nà 89. Lava, ìyẹn òkúta yíyọ́ láti inú òkè oníná, tó ń ṣàn ló dì lókè, tí inú rẹ̀ ṣì ń ṣàn lọ, ló bá ṣẹ́ ku ihò. Inú rẹ̀ a máa wà ní bíi 8°C nígbà gbogbo, ó sì ṣókùnkùn birimù. Ẹ mú tọ́ọ̀ṣì dání fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ti fóònù kò tó. Cinder Cone, èmi àti àkọ́bí nìkan la gùn ún: eérú àti òkúta wẹẹrẹ ni látòkè délẹ̀, o gbé ẹsẹ̀ méjì, o yọ̀ padà ní ẹyọ kan. Mo gun ún dé òkè. Ẹ kọ ìyẹn sílẹ̀. Láti ibẹ̀ la ti rí igi dúdú tí iná Dixie Fire ti 2021 jó, iná tó gba ohun tó ju ìdajì ọgbà náà lọ.

Tí n bá tún lọ, ilé ni n óò ti se ẹ̀wà, n óò sì fi í sínú fírísà kó dì, kó dípò yìnyín nínú kúlà títí yóò fi yọ́. Pressure pot náà dára, mo ti rà á, ó ń tẹ omi mọ́lẹ̀ bí afẹ́fẹ́ ì bá ṣe tẹ̀ ẹ́. Kí n tó sanwó àyè kankan, n óò pe àwọn ọgbà náà láti mọ̀ bóyá ọ̀nà ti ṣí. Kánhún yóò wà nínú àpò mi.

Nígbà tí a ń sọ̀kalẹ̀ padà sí Redding, etí tún dí wa. Táyé gbé ike omi kan sókè, èyí tó mu tán lórí òkè tó sì dé pa. Ó ti fún pọ̀, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ti wọlé síra wọn.

Màmá gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n fi ìka méjì tẹ̀ ẹ́ wò.

"Bàbá Ìbejì," ni wọ́n wí, "ike ti jinná."