Bí Májèlé Bá Wọ Ẹ̀jẹ̀: Ohun Tí Ẹ̀rọ Ìfọ̀jẹ̀ Lè Ṣe àti Èyí Tí Kò Lè Ṣe

Láti Ìsàlẹ̀ Èkó títí dé Agége, ọ̀pọ̀ ìdílé ló mọ ẹ̀rọ ìfọ̀jẹ̀, tí àwọn dókítà ń pè ní dáyálísísì, gẹ́gẹ́ bí ohun tí wọ́n fi ń tọ́jú ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ kò ṣiṣẹ́ mọ́. Ẹ̀rọ yìí kan náà lè gba ẹni tó mu májèlé là, kódà bí kíndìnrín onítọ̀hún ṣì dára, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo májèlé ló kápá. Irú májèlé tó jẹ́, àti bí ẹ ṣe tètè gbé aláìsàn dé ilé ìwòsàn tó, ni yóò pinnu bóyá ẹ̀rọ ni dókítà yóò lò tàbí oògùn apa-májèlé.

Dókítà yóò ki ọ̀pá rọ́bà ẹlẹ́nu méjì bọ iṣan ńlá ní ọrùn tàbí ní gbòǹgbò itan. Ẹnu kan ń fa ẹ̀jẹ̀ jáde, èkejì ń dá a padà sára. Láàárín méjèèjì ni asẹ́ wà: ike gbọọrọ kan tí ẹgbẹẹgbẹ̀rún okùn tín-ín-rín tó ní ihò wà nínú rẹ̀, tí omi tí wọ́n fi iyọ̀ pò ń ṣàn yí wọn ká. Bí ìgbà tí a ń sẹ́ ògì ni, ohun tó kúnná ń bá omi lọ, èyí tó tóbi ń dúró. Nítorí náà, májèlé tó kúnná, tí kò lẹ̀ mọ́ èròjà inú ẹ̀jẹ̀, tí kò sì tíì sá wọ inú ẹran ara, ni ẹ̀rọ lè rí mú. Ẹni tí kíndìnrín ń dà láàmú sábà máa ń lo nǹkan bíi wákàtí 4 lórí ẹ̀rọ. Ti májèlé lè pẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ, wọ́n sì lè tún un ṣe, nítorí pé èyí tó sá pamọ́ sínú ẹran ara lè tún padà sínú ẹ̀jẹ̀.

Mẹ́tánọ́ọ̀lù, irú ọtí olóró kan tí kò ṣeé mu, wà lára àwọn tí ẹ̀rọ ń kápá dáadáa. Òun ló ba ògógóro jẹ́ ní ìpínlẹ̀ Oǹdó àti Rivers ní ọdún 2015, tó sì gbẹ̀mí ènìyàn. Ẹni tó mu ún lè sùn, kó jí, kó máa rò pé ọtí lásán ló ń pa òun, kó tó di pé lẹ́yìn wákàtí 12 tàbí ọjọ́ kan, orí bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ ọ, inú ń rún un, ojú rẹ̀ ṣókùnkùn, ó sì ń mí gùlegùle. Bí ojú ẹni tó mu ọtí lánàá bá ń ṣe bàìbàì, ẹ má dúró. Irú ìtọ́jú yìí tún wúlò fún ẹni tó mu kúláǹtì, ìyẹn omi tí wọ́n ń dà sí rédíétọ̀ mọ́tò, fún ẹni tó gbé oògùn lítíọ́ọ̀mù tàbí áspírínì mì púpọ̀, àti fún májèlé tó wọ inú My Pikin, oògùn eyín ọmọdé tí wọ́n ṣe ní Èkó, tó pa ọmọ 84 láàárín ọdún 2008 sí 2009. Ìdí nìyí tí ọmọ tí kò tọ̀ mọ́ lẹ́yìn tó lo oògùn olómi fi gbọ́dọ̀ dé ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an.

Ti Sniper àti òtapiàpiá yàtọ̀. Ẹ̀rọ kì í ṣe oògùn wọn. Abẹ́rẹ́ átírópíìnì ni, àti ẹ̀rọ amúnimí bí mímí bá ti ń nira. Itọ́ tó ń dà wìtìwìtì, òógùn àti ọmọ ẹyinjú tó fún pọ̀ bí orí abẹ́rẹ́ ni ẹ ó fi mọ̀ ọ́n. Ẹ̀yin tí ẹ ń fín ẹ̀fọ́, ẹ rántí pé ó ń gba awọ ara wọlé: ẹ bọ́ aṣọ aláìsàn, kí ẹ fi ọṣẹ àti omi púpọ̀ wẹ̀ ẹ́, ṣùgbọ́n kí ẹ wọ ìbọ̀wọ́ kí ẹ tó fọwọ́ kàn án. Párákúátì, oògùn apakoríko tí NAFDAC fòfin dè láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2024, ló burú jù lójú tèmi, nítorí kò ní oògùn, ẹ̀dọ̀fóró ló ń bà jẹ́, ìwọ̀nba wákàtí àkọ́kọ́ nìkan sì ni fífọ ẹ̀jẹ̀ fi lè ṣèrànwọ́.

Ẹ má ṣe da epo pupa, mílíìkì tàbí omi àgbọn sí aláìsàn lẹ́nu, ẹ má sì fi ìka wá èébì, pàápàá bó bá jẹ́ kẹrosíìnì ló mu, nítorí ó lè gba ibẹ̀ bọ́ sínú ẹ̀dọ̀fóró. Ẹ dà á dùbúlẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́, kí ẹ pe 767 tàbí 112. Ẹ mú ìgò náà dání pẹ̀lú ohun tó ṣẹ́kù nínú rẹ̀. Wàhálà tiwa ni pé inú ìgò omi tí kò ní orúkọ lára ni wọ́n máa ń bu òtapiàpiá sí lọ́jà. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, kí ẹnì kan sáré lọ béèrè lọ́wọ́ ẹni tó tà á. Bó bá jẹ́ pé aláìsàn mọ̀ọ́mọ̀ mu ún ni, kò sí àkókò èébú. Ẹ sọ òótọ́ fún dókítà.

Ilé ìwòsàn tó bá súnmọ́ yín jù ni kí ẹ kọ́kọ́ gbé e lọ, kí wọ́n fún un ní abẹ́rẹ́ àti omi. LUTH ní Ìdí-Àràbà àti LASUTH ní Ìkẹjà ní ẹ̀ka ìfọ̀jẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí dókítà tẹ̀ wọ́n láago kí ọkọ̀ tó gbéra, kí ẹ má baà la gosíloò kọjá lásán. Kí ẹnì kan nínú ẹbí máa wá owó bọ̀ lẹ́yìn, nítorí wọ́n sábà máa ń béèrè owó ìdógò. Bí ẹ bá ti délé, ẹ máa wo bó ṣe ń tọ̀ àti bí ojú rẹ̀ ṣe ń ríran, kí ẹ sì dá a padà fún àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ní ọjọ́ tí wọ́n bá dá, kódà bí ara rẹ̀ bá ti yá.