Kọ̀ǹpútà mi ń ṣí ètò ímeèlì tí n kò fẹ́: ìbéèrè àti ìdáhùn

Ẹjọ́ kan náà ni gbogbo àwọn tí kọ̀ǹpútà wọn ń ṣe báyìí ń rò. Wọ́n tẹ àdírẹ́sì ímeèlì kan lójú íntánẹ́ẹ̀tì, ètò tí wọn kò lò rí ló ṣí, tàbí kí nǹkan kan má tilẹ̀ ṣẹlẹ̀. Wọ́n á ní àwọn ti yí i padà ní Settings. Ibi tí wọ́n ti tẹ ohun tí wọ́n tẹ̀ ni wọn kì í sọ, bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ wà. Ọ̀nà mẹ́ta ni kọ̀ǹpútà ń gbà pe ètò ímeèlì: láti inú bráósà (ètò tí a fi ń wo íntánẹ́ẹ̀tì, bíi Chrome àti Firefox), láti ibi yòówù tí líǹkì àdírẹ́sì bá wà lóde bráósà, àti nígbà tí ètò mìíràn bá fẹ́ fi fáìlì ránṣẹ́. Ọ̀nà kọ̀ọ̀kan ló ní oníbodè tirẹ̀. Ẹ bá ọ̀kan sọ̀rọ̀, èkejì kò gbọ́.

Ìbéèrè: Báwo ni mo ṣe máa mọ èyí tó ń dà mí láàmú nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta?

Ìdáhùn: Ẹ di bọ́tìnnì Windows mú, ẹ tẹ R, kí ẹ kọ mailto:danwo@example.com sínú àpótí tó bá yọ, kí ẹ wá tẹ Enter. Lórí Mac, ẹ ṣí Terminal, ètò tí wọ́n ń kọ àṣẹ sí, ẹ kọ open mailto:danwo@example.com. Ti Linux kò yàtọ̀, àfi pé xdg-open ni ẹ ó kọ dípò open. Ètò tó bá dìde ni kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀ gbà pé ẹ ń lò. Bí èyí tó dìde bá jẹ́ èyí tí ẹ fẹ́, ẹ má padà lọ sí Settings mọ́. Ẹjọ́ yín ti di ti bráósà tàbí ti fáìlì, ẹ fò lọ sísàlẹ̀.

Ìbéèrè: Ibo ni wọ́n ti ń yí i padà lórí Windows?

Ìdáhùn: Windows 10: Settings, Apps, Default apps. Orúkọ tó wà lábẹ́ Email ni kí ẹ tẹ̀, kí ẹ mú òmíràn. Ó parí.

Windows 11 ti yọ ìlà Email yẹn kúrò, ìyẹn ló fà á tí àwọn èèyàn fi ń wá a títí. Ibi kan náà ni ẹ ó gbà dé Default apps, ṣùgbọ́n inú àpótí ìwákiri tó wà lókè ojú ewé náà ni ẹ ó kọ MAILTO sí, ìyẹn orúkọ tí Windows fi ń mọ líǹkì àdírẹ́sì ímeèlì. Ètò tó ń jẹ́ ẹ lọ́wọ́lọ́wọ́ á yọ. Ẹ tẹ̀ ẹ́, ẹ mú tuntun, ẹ tẹ "Set default". Ẹ tún kọ .eml sínú àpótí kan náà. Fáìlì tí wọ́n fi ń tọ́jú lẹ́tà ímeèlì kan ṣoṣo nìyẹn, ẹni tó ń ṣí i sì lè yàtọ̀ sí ẹni tó ń jẹ́ MAILTO.

Àkáǹtì tí ẹ fi wọlé nìkan ni ìyípadà yìí kàn. Bí ẹlòmíràn nínú ilé bá ní àkáǹtì tirẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà yẹn, kí òun náà lọ yí tirẹ̀.

Ìbéèrè: Orúkọ ètò tí mo fẹ́ kò sí lára èyí tí wọ́n kó síwájú mi.

Ìdáhùn: Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ẹ kàn tú ètò náà jáde láti inú fáìlì zip, ẹ kò fi installer gbé e sórí kọ̀ǹpútà. Ètò tí kò forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ Windows, Windows kò mọ̀ ọ́n. Ẹ lọ gba installer rẹ̀. Bó bá jẹ́ Gmail tàbí Yahoo tí ẹ ń ṣí nínú bráósà ni ẹ ń wá, kì í ṣe ètò, ojúlé íntánẹ́ẹ̀tì ni. Bráósà ni yóò máa gba líǹkì fún un, a ó sọ bó ṣe rí nísàlẹ̀.

Ìbéèrè: Ṣé àwọn lẹ́tà mi àtijọ́ á tẹ̀ lé mi?

Ìdáhùn: Rárá. Ẹni tí wọn yóò pè ni ẹ yí padà, ẹ kò kó ẹrù kankan. Àfi kí ẹ ṣí àkáǹtì yín sínú ètò tuntun. Bó bá jẹ́ IMAP ni ẹ lò, ìyẹn ọ̀nà tó ń fi lẹ́tà sílẹ̀ lórí sáfà (kọ̀ǹpútà ilé iṣẹ́ ímeèlì yín), àwọn lẹ́tà tó wà níbẹ̀ yóò padà fara hàn. Bó bá jẹ́ POP, tó ń gbé lẹ́tà wá sórí kọ̀ǹpútà yín, inú ètò àtijọ́ nìkan ni àwọn kan lè wà. Ẹ má pa á rẹ́ o.

Ìbéèrè: Ètò Mail tó bá Windows wá ló ṣì ń ṣí, ó sì ń ní kí n lọ sí Outlook.

Ìdáhùn: Microsoft ti jáwọ́ nínú ètò Mail àti Calendar yẹn ní ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá, ọdún 2024. Ẹ gba MAILTO lọ́wọ́ rẹ̀ bí a ṣe sọ lókè.

Ìbéèrè: Mo yí i padà, ó ṣiṣẹ́, nígbà tó yá Windows dá a padà. Ó kọ ọ́ sí igun pé "An app default was reset".

Ìdáhùn: Láti ìgbà Windows 8 ni Windows kò ti jẹ́ kí ètò kankan dédé fi ara rẹ̀ joyè. Ohun tí ẹ yàn wà nínú Registry, ìyẹn ìwé tí Windows ń kọ ohun tí wọ́n yàn fún un sí, lábẹ́ HKEY_CURRENT_USER\Software\Microsoft\Windows\Shell\Associations\UrlAssociations\mailto\UserChoice. Nǹkan méjì ló wà níbẹ̀: ProgId tó ń sọ orúkọ ètò náà, àti Hash tó dà bí òǹtẹ̀. Ẹni tó bá yí ProgId láìsí òǹtẹ̀ tó bá a mu, Windows á ka ọ̀rọ̀ náà sí ayédèrú, á sì dà á nù. Nítorí náà, àwọn fáìlì .reg tí àwọn èèyàn ń pín kiri pé ó ń yí ètò ímeèlì, àti àwọn ètò tó ní òun ń fọ kọ̀ǹpútà mọ́, àwọn gan-an ló ń dá wàhálà yìí sílẹ̀. Ẹ yọ wọ́n. Ẹ fi ọwọ́ ara yín yàn án ní Settings, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń tẹ òǹtẹ̀ náà.

Ìbéèrè: Lórí Mac ńkọ́?

Ìdáhùn: Ẹ ṣí Mail, èyí tó jẹ́ ti Apple, kódà bí ẹ kò bá fẹ́ ẹ rárá. Ẹ lọ sí Settings rẹ̀, General, "Default email reader". Lórí macOS tó ṣáájú Ventura ti ọdún 2022, Preferences ni wọ́n ń pe Settings yẹn. Bẹ́ẹ̀ ni, ilé ẹni tí ẹ fẹ́ lé kúrò lẹ́nu iṣẹ́ ni ẹ ó ti kọ ìwé ìlélọ rẹ̀. Èyí tó tún burú ni pé bí kò bá sí àkáǹtì kankan nínú Mail, á ní kí ẹ kọ́kọ́ ṣí ọ̀kan kó tó jẹ́ kí ẹ kọjá. Bí ẹ kò bá fẹ́ ìyọnu yẹn, ẹ wo inú Settings ètò tí ẹ fẹ́ lò gan-an. Outlook àti Thunderbird ní ibi tí ẹ ti lè ní kí wọ́n gba ipò náà. Bí kò bá sí, ẹ fi àkáǹtì kan sínú Mail, ẹ yí i, kí ẹ wá lọ yọ àkáǹtì náà ní Internet Accounts.

Ètò tí ẹ ṣì ń ṣí láti inú fáìlì .dmg, èyí tí wọ́n fi ń kó ètò Mac wá, lè má hàn. Ẹ kọ́kọ́ fà á sínú fódà Applications.

Ìbéèrè: Linux?

Ìdáhùn: Ẹ kọ xdg-mime query default x-scheme-handler/mailto láti mọ ẹni tó wà níbẹ̀. Láti yí i: xdg-mime default thunderbird.desktop x-scheme-handler/mailto. Bí kò bá gbà, orúkọ fáìlì .desktop yẹn ni ẹ kò kọ bó ṣe yẹ. Ti inú /usr/share/applications lè yàtọ̀ sí ti Flatpak tàbí ti Snap (ọ̀nà mìíràn tí wọ́n fi ń gbé ètò sórí Linux), bó tilẹ̀ jẹ́ ètò kan náà. Inú ~/.config/mimeapps.list ni ohun tí ẹ yàn ń lọ, ẹ lè ṣí i kà.

Ìbéèrè: Ìdánwò òkè yẹn ṣí ètò tí mo fẹ́, ṣùgbọ́n tí mo bá tẹ àdírẹ́sì nínú bráósà, Gmail ló ń ṣí.

Ìdáhùn: Bráósà ló kọ́kọ́ ń gbọ́ ọ, kò sì dé ọ̀dọ̀ Windows rárá. Nínú Firefox, ẹ lọ sí Settings, General, ẹ wá Applications sísàlẹ̀, ẹ wá ìlà mailto, kí ẹ yan ètò tí ẹ fẹ́ tàbí "Always ask". Nínú Chrome, ẹ kọ chrome://settings/handlers sí ibi àdírẹ́sì, kí ẹ yọ mail.google.com kúrò níbẹ̀.

Àwọn mìíràn ń fẹ́ òdìkejì rẹ̀, Gmail ni wọ́n fẹ́. Ẹ wo ojú ewé Chrome kan náà bóyá wọ́n gbà kí àwọn ojúlé máa béèrè, lẹ́yìn náà kí ẹ ṣí Gmail. Àmì dáyámọ́ǹdì méjì tó wọnú ara wọn á yọ lápá ọ̀tún ibi àdírẹ́sì. Ẹ tẹ̀ ẹ́, ẹ gbà fún un. Inú Chrome nìkan ni ìyẹn ti ń ṣiṣẹ́ o. Kí àdírẹ́sì inú fáìlì PDF tàbí ti ibòmíràn tó lè ṣí Gmail, ẹ gbọ́dọ̀ tún lọ fi MAILTO fún Chrome ní Default apps. Ìdajì iṣẹ́ yìí ni ọ̀pọ̀ ń ṣe tí wọ́n á fi ní Gmail kò gbà.

Bí ẹ bá tẹ àdírẹ́sì tí nǹkan kan kò ṣẹlẹ̀, ẹ gbé máòsì lé e láì tẹ̀ ẹ́, kí ẹ wo ìsàlẹ̀ bráósà. Bí mailto: kò bá hàn níbẹ̀, ọ̀rọ̀ lásán ni wọ́n kọ, kì í ṣe líǹkì. Ẹ dà á kọ.

Ìbéèrè: Gbogbo líǹkì ń ṣiṣẹ́ dáadáa. Ṣùgbọ́n tí mo bá fẹ́ fi fáìlì ránṣẹ́ láti Send to, Mail recipient, tàbí láti inú ètò sikánà, ó ń kọ "Either there is no default mail client or the current mail client cannot fulfill the messaging request". Mo ti yí MAILTO nígbà mẹ́wàá.

Ìdáhùn: Ẹ lè yí i nígbà ọgọ́rùn-ún. MAILTO kò mọ̀ nípa ọ̀rọ̀ yìí. Ìlànà mailto, tó wà nínú RFC 6068 ti ọdún 2010, kò ní àyè tí wọ́n ti ń so fáìlì mọ́ lẹ́tà: àdírẹ́sì, àkòrí àti ọ̀rọ̀ inú lẹ́tà ló lè gbé. Nítorí náà, ètò tó bá fẹ́ fi fáìlì ránṣẹ́ máa ń gba ọ̀nà àtijọ́ kan tí wọ́n ń pè ní Simple MAPI, ọ̀nà yẹn sì ní ìwé orúkọ tirẹ̀.

Kí ẹ tó ṣe ohunkóhun, ẹ bi ara yín: ṣé ètò tí ẹ ń lò tilẹ̀ gbọ́ èdè MAPI? Gmail inú bráósà kò gbọ́ ọ. Ètò Mail ti Windows náà kò gbọ́ ọ. Outlook àtijọ́, èyí tó bá Office wá, àti Thunderbird gbọ́ ọ. Bí tiyín kò bá gbọ́ ọ, kò sí ohun tí ẹ lè tún ṣe sí Registry tí yóò mú un gbọ́, ẹ fi ọwọ́ so fáìlì mọ́ lẹ́tà.

Bó bá gbọ́ ọ, ẹ wo ohun tó rọrùn ná: ṣé ẹ fi "Run as administrator" ṣí i ni? Ètò tó ń fi agbára admin ṣiṣẹ́ àti èyí tí kò fi í ṣiṣẹ́ kì í gbọ́ ara wọn lórí ọ̀nà yìí. Ẹ pa á, ẹ ṣí i bí gbogbo ètò.

Tí ìyẹn kò bá yanjú ẹ̀, ẹ ṣí regedit, ètò tí wọ́n fi ń wo Registry. Kíkà ni ẹ fẹ́ kà, ẹ kò tíì fẹ́ yí nǹkan kan, síbẹ̀ ẹ kọ́kọ́ lọ sí File, Export, kí ẹ tọ́jú ẹ̀dà kan. Ẹ lọ sí HKEY_LOCAL_MACHINE\Software\Clients\Mail. Lápá òsì, ẹ ó rí àwọn fódà tó ń jẹ́ orúkọ ètò, bíi "Microsoft Outlook" àti "Mozilla Thunderbird". Lápá ọ̀tún, ìlà kan wà tó ń jẹ́ Default. Orúkọ tó wà níwájú Default gbọ́dọ̀ bá orúkọ ọ̀kan nínú àwọn fódà wọ̀nyẹn mu, lẹ́tà kan kò gbọdọ̀ yẹ̀. Ohun tó wọ́pọ̀ jù ni pé orúkọ ètò tí wọ́n ti yọ kúrò láti ọjọ́ tó ti pẹ́ ló ṣì wà níbẹ̀: onílé ti kó lọ, pátákó rẹ̀ ṣì wà lẹ́nu ọ̀nà. Bí orúkọ bá bára mu, ẹ wọ inú fódà náà, ẹ wo DLLPath tàbí DLLPathEx, tó ń sọ ibi tí DLL wà (fáìlì tí ètò náà fi ń gbọ́ MAPI), kí ẹ wá rí i bóyá fáìlì tó dárúkọ ṣì wà níbi tó ní ó wà.

Ibi tó ń jẹ àkókò èèyàn jù nìyí. Gbogbo èyí lè pé, kó máa kọ ìkìlọ̀ kan náà síbẹ̀. Ìdí ni pé Windows kì í kọ́kọ́ wo ibẹ̀. HKEY_CURRENT_USER\Software\Clients\Mail, tó jẹ́ ti àkáǹtì yín nìkan, ló kọ́kọ́ ń wò, ohun tó bá wà níbẹ̀ ló sì ń borí. Ẹ lè tún HKEY_LOCAL_MACHINE ṣe títí ilẹ̀ ó fi ṣú, bí orúkọ òkú ètò bá wà ní HKEY_CURRENT_USER, ọ̀dọ̀ òkú ni wọn yóò máa ránṣẹ́ sí. Ẹ tẹ bọ́tìnnì ọ̀tún máòsì lórí Default ti ibẹ̀, ẹ pa á rẹ́, kó wá hàn pé "value not set".

Lẹ́yìn náà, ẹ má fi ọwọ́ kọ orúkọ tuntun. Ẹ jẹ́ kí ètò náà kọ ọ́ fúnra rẹ̀, torí òun ló mọ ibi tí DLL rẹ̀ wà. Nínú Thunderbird: Settings, General, System Integration, "Check Now", kí ẹ fi àmì sí E-Mail. Nínú Outlook ti Office: File, Options, General, kí ẹ fi àmì sí ibi tí wọ́n ti ní kó jẹ́ ètò tí wọn yóò máa pè. Bí DLL bá ti sọnù, ẹ tún Thunderbird gbé sórí ara rẹ̀. Inú %APPDATA%\Thunderbird ni lẹ́tà yín wà, kò sí ohun tí yóò ṣe wọ́n. Ti Office, ẹ lo Quick Repair. Ẹ jáde kúrò nínú àkáǹtì Windows, ẹ tún wọlé, kí ẹ fi fáìlì .txt kékeré kan dán an wò. Lórí Windows 11, ẹ tẹ fáìlì náà lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ wá tẹ Shift àti F10 kí Send to tó yọ.

Bí Mail recipient kò bá sí nínú Send to rárá, ẹ tẹ Windows àti R, ẹ kọ shell:sendto, kí ẹ dá fáìlì òfìfo kan sínú fódà tó bá ṣí. Mail Recipient.MAPIMail ni kí ẹ sọ ọ́, ẹ rí i dájú pé .txt kò fara pamọ́ sẹ́yìn rẹ̀.

Ìbéèrè: Nígbà wo ni kí n pe ẹni tó mọ̀ ọ́n?

Ìdáhùn: Bí ẹ bá ka orí Registry yẹn tí ọwọ́ yín ń gbọ̀n, ẹ pè é kí ẹ tó ṣí regedit, kì í ṣe lẹ́yìn rẹ̀. Bí Settings bá sì kọ ọ́ pé ilé iṣẹ́ tàbí ilé ẹ̀kọ́ ló ń darí kọ̀ǹpútà yín, àwọn tó ń bójú tó o níbẹ̀ nìkan ló lè ṣí i.

Ìbéèrè: Ṣé mo lè yọ ètò àtijọ́ kúrò báyìí?

Ìdáhùn: Ẹ lè yọ ọ́, tí ìdánwò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá ti gbà: Windows àti R, líǹkì nínú bráósà, àti Send to. Ẹni tó bá kọ́kọ́ yọ ọ́ kó tó yan òmíràn ló ń fi pátákó òkú sílẹ̀. Bó bá jẹ́ POP ni ẹ lò, ẹ kó àwọn lẹ́tà inú rẹ̀ jáde ná.